Ẹ Má Kí Ẹni Tó Wà Nínú Yanrìn

Àwọn kan rò pé ìgbà téèyàn bá wọkọ̀ ojú omi ló tó lè ní òun lọ sí ìdálẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Èmi ò tíì fojú kan òkun tí mo fi di àjèjì. Kétu, lódì kejì bodè, ni mo ti wá sí Òṣòdì. Yorùbá kan náà là ń sọ, ẹ̀kọ kan náà là ń mu, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, mo bi obìnrin kan léèrè ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń lọ, ló bá ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àgànyìn rèé o!" Àgànyìn! Èmi ọmọ Alákétu! Inú bí mi débi pé mo kọjá lọ láì dúró gbọ́ ọ̀nà tí mo béèrè.

Faransé ló ni wá nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì ti ń palẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn ni wọ́n ń so àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun mọ́ iwájú ilé ní Òṣòdì, tí àwọn òyìnbó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì wọn ní gbàǹjo kí wọ́n tó máa lọ.

Ohun tó lé mi kúrò nílé kò pọ̀, ọkùnrin kan ni. Ọ̀rẹ́ bàbá mi, ẹni tí mo ti ń kúnlẹ̀ pè ní bàbá láti kékeré, ni wọ́n fi mí fún. Mo sunkún, ìyá mi sunkún. Bàbá mi ní ẹkún ìyàwó kò kan nǹkan, gbogbo ìyàwó ló ń sun ún. Ìyá mi ló wá dọ́gbọ́n sí i, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé Àǹtí Ràfá, ẹ̀gbọ́n wọn tó máa ń kó ata gbígbẹ wá sí Èkó. "Bí o bá ríṣẹ́, tó o fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, bàbá ẹ á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà," ni ìyá mi wí. "Àmọ́ bí wọ́n bá fi lé ọ padà, ọmọ mi, apá mi ò ní ká a mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé rìn dé Òṣòdì. Ẹrù tó kù, ìdì aṣọ kan péré ni.

Ilé Ìyá Bísí ni Àǹtí Ràfá fi mí sí. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Bísí, ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, Bísí fúnra rẹ̀ sì wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìn ojú irin ni ilé náà wà, ní ìhà tó kọjú sí Ìsọlọ̀, tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Tí rélùwéè bá ń kọjá, àwo á máa pariwo nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èmi náà á máa gbọ̀n. Ara mi ò balẹ̀ rárá lọ́dún yẹn. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde, bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ṣùgbọ́n rélùwéè kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ilé ìgbẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn á wọ inú igbó, á bá ewé àti atẹ́gùn níbẹ̀, á ṣe tiẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ní Òṣòdì, korobá ló wà lábẹ́ pákó, agbépòó ló ń wá gbé e, gbogbo ayálégbé inú àgbàlá ló sì ń lò ó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò délẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni á máa hàn síta. Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ lóṣòó báyìí, baba káfíńtà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn á ti kan pákó: "Ta ló wà ńbẹ̀?" Kí ni kí n wí? Ṣé kí n dárúkọ ara mi ni? Gbogbo ohun tó ń bọ̀ á sá padà. Ikùn mi le bí àgbọn gbígbẹ. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí, mò ń sọdá ojú irin lọ sínú igbó ọ̀nà Ìsọlọ̀. Ìyá Bísí ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lò ń rìn lọ láràárọ̀ bí ẹran tó já?" Mo ní mò ń na ẹsẹ̀ ni.

Tẹlifóònù wà ní pálọ̀, dúdú, ó wúwo, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi kí n má fọwọ́ kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé dá, àárò ìyá mi mú mi, mo gbé e sétí. Ó ń dún hùùù, bí ẹni pé ọ̀nà jínjìn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Ìyá mi, èmi ni o. Ara mi le. Ẹ má ronú." Àfi bí obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe dá mi lóhùn láti inú ibẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì! Mo ju nǹkan náà sílẹ̀, mo sá lọ sí kíṣínì. Síbẹ̀ inú mi dùn díẹ̀. Ohùn ẹnìkan ti bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Súsì. Ológbò ni, àwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ kún fún ìgbéraga. Obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ń bá Baba Bísí ṣiṣẹ́ ló ni ín. Nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn, ó gbé Súsì lé Ìyá Bísí lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ní kí wọ́n ṣèlérí pé ológbò náà kò ní jáde síta, kí rélùwéè má tẹ̀ ẹ́, kí ajá má pa á. Ìyá Bísí ṣèlérí. Obìnrin náà fi àpótí pákó kan sílẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń bu yanrìn sí. Inú rẹ̀ ni Súsì ti ń ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe, tí yóò sì fẹsẹ̀ wa yanrìn bò ó. Iṣẹ́ mi ni láti kó o. Èmi tí mò ń sọdá ojú irin kí n tó rí ibi yàgbẹ́, èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ fún ológbò tó ní ilé ìgbẹ́ tiẹ̀! Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò tíì gbàgbé.

Ìyá Bísí fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àpótí náà han àlejò. "Ẹ wò ó, àpótí ló ń ṣu sí o, ó mọ́ ju ọmọ èèyàn lọ." Kò sẹ́lòmíì tó nírú ẹ̀ ní gbogbo Òṣòdì.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Baba Bísí lọ mú ìyá wọn wá láti Ìsọlọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ti fọ́n ká wáṣẹ́, ojú Ìyá Àgbà sì ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ti fẹ́ rìn wọ kànga lẹ́ẹ̀kan. Yàrá ẹ̀yìn inú ilé ni wọ́n fún wọn, ibi tí àpótí Súsì wà tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ń kírun níbẹ̀, ìgbẹ́ ológbò kò lè wà níbẹ̀ mọ́. Mo gbé àpótí náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń kí gbogbo ohun tó bá ń mí.

Bí mo bá ń gúnyán, "O kú iṣẹ́ o." Bí mo bá gbé omi kọjá, "O kú làálàá." Bí mo bá dúró jẹ́ẹ́, "O kú ìnàró." Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí nípa ilé láti ìgbà tí mo ti dé Òṣòdì. Láràárọ̀: "Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni Kétu wà?" Wọn ò rí ìyá mi rí, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè wọn bí ẹni pé àná ni wọ́n jọ lọ sí odò. Mo wá mọ̀ pé ibi tí wọn ò bá ti kí èèyàn, kò tíì débẹ̀, ì báà ti pé ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Àgbà ni mo fi dé Òṣòdì.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé náà ni Súsì kọ àpótí.

Orí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Bísí ló kọ́kọ́ ṣu sí. Ó tún ṣu sórí àga pálọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Baba Bísí ti ẹsẹ̀ bọ bàtà ọ́fíìsì lówùúrọ̀, ni wọ́n bá pariwo "Yéè!" tí gbogbo àgbàlá gbọ́. Mo pààrọ̀ yanrìn. Mo fọ àpótí pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, mo sá a sóòrùn. Ìyàwó káfíńtà ní ológbò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan tí ojú èèyàn kò rí. Ìyá Bísí ní irọ́ ni, pé èmi ni mi ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Àbí láti ọjọ́ tí Màmá ti dé ni? Gbogbo nǹkan ló dojú rú nílé yìí. Mo sọ fún ọkọ mi pé Ìsọlọ̀ ló dáa fún wọn jù."

Ìyá Bísí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àárẹ̀ ló ń bá wọn jà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, wọ́n sùn lé nǹkan tí Súsì fi sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tiẹ̀ pariwo. Wọ́n ní, "Mò ń kó ìgbẹ́ àwọn aláìsàn ní ọsibítù, kí n má wá bá a lórí ìrọ̀rí mi. Sátidé ni Àǹtí Ràfá ń padà sí Kétu, àbí? Bí Súsì bá ṣì ń ṣu síta àpótí títí wọ́n á fi dé, kí o di ẹrù ẹ, kí o bá wọn lọ. Mi ò bínú sí ọ. Ó ti sú mi ni."

Ọkàn mi lọ sí Kétu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rí bàbá mi, mo rí ọ̀rẹ́ bàbá mi pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, tó ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè mí. Mi ò lè jókòó. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá. Níkẹyìn mo ní, ológbò yìí, èmi àti ìwọ ni lónìí. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣínì, mo ń yọjú wo àpótí.

Súsì dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọ inú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa yanrìn, wàrà-wàrà, wàrà-wàrà. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí.

Ìyá Àgbà gbé orí sókè lẹ́nu ọ̀nà wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Súsì dúró gbagidi.

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o! Ta ló ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ológbò fò jáde, ó di yàrá Ìyá Bísí. Ìyá Àgbà pòṣé. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! A kí wọn, wọn ò jẹ́."

Mo fọwọ́ bo ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín àbí ẹkún. Àṣé ohun tí baba káfíńtà ń ṣe fún mi ni Ìyá Àgbà ń ṣe fún Súsì! Ta ló lè ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tún máa béèrè ẹni tó jẹ́? Mo sáré tẹ̀ lé e, mo gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó ṣe jàǹbá.

Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún Ìyá Bísí, ohun tí wọ́n ń wá ni mo fún wọn yẹn. Wọ́n á ní kí wọ́n dá Ìyá Àgbà padà sí Ìsọlọ̀, síbi kànga yẹn. Bí mi ò bá sọ, èmi ni mò ń lọ. Kí n wá lọ bá Ìyá Àgbà fúnra wọn, kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kíni mọ́? Ọmọ wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Ẹnu tí mo bá fi sọ ọ́ á wọ́. Mo gbé àpótí náà sábẹ́ tábìlì kíṣínì, Ìyá Bísí ní, "Ṣé inú ọbẹ̀ ló kù kó ṣu sí?" Mo gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ò sì ní yàrá tí mo lè gbé e sí, orí ẹní ní pálọ̀ ni mò ń sùn. Mo tún gbìyànjú kí n jókòó ti àpótí, kí n máa bá ológbò jẹ́ ìkíni: "Òo, ẹ ṣé, mà!" Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, Súsì á ti sá lọ.

Nígbà tí Sátidé ku ọ̀la ni mo jókòó ti Ìyá Àgbà, mò ń fi àdí pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín." Mo sọ ti korobá, mo sọ ti ilẹ̀kùn tí kò délẹ̀, mo sọ ti "Ta ló wà ńbẹ̀?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Káfíńtà yẹn kò ní làákàyè. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kíni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹlòmíì náà wà nílé yìí, mà, tí irú ẹ̀ ń ṣe. Òun kò lè sọ ọ́, torí kò ní ohùn èèyàn."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí ojú bàìbàì yẹn sí ìhà àpótí.

"Ológbò ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Látìgbà tí mo ti dé, ológbò ni mò ń kí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ẹ̀rù ti jẹ́ kí n gbàgbé ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò bínú. Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu wọn, ó sì dáwọ́ dúró lójijì. Wọ́n ní, "Ní Ìsọlọ̀, bí mo bá jókòó síwájú ilé, ẹnu mi kì í sinmi. Ẹni tó ń lọ sóko á kí mi, ẹni tó ń bọ̀ á kí mi. Níbí, ọmọ mi á jáde ní kùtùkùtù. Ìyàwó mi, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kì í dún, mi ò mọ ìgbà tó ń wọlé, mi ò mọ ìgbà tó ń jáde. Mo wá ń gbọ́ ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn lójoojúmọ́. Mo ní bópẹ́ bóyá, á dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo rántí tẹlifóònù. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni àjèjì nínú ilé yẹn! Ìsọlọ̀ nìyẹn lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn ín, ilẹ̀ bàbá wọn sì ni, ṣùgbọ́n àwọn náà ti wà ní ìdálẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Láti òní lọ, bí o bá ń kọjá, kọ́kọ́ fọhùn. Ẹni tí kò bá fọhùn, mo mọ̀ pé ológbò ni." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Tàbí ìyàwó mi."

Sátidé dé. Àǹtí Ràfá wọlé pẹ̀lú òórùn ata lára, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ń dúró ní Àpákún. Ìdì aṣọ mi ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nítorí Súsì kò tíì wọ àpótí láti àná, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Àǹtí Ràfá bojú wò mí, wọ́n ní, "Bàbá ẹ ní bí ibẹ̀ kò bá gbà ọ́, kí o má ṣojú ayé. Wọ́n ń dúró dè ọ́." Ìyá Bísí kò wo ojú mi.

Àfi bí Súsì ṣe jáde. Ó gba pálọ̀ kọjá, ó dúró, ó gbóòórùn bàtà Baba Bísí. Ó fi bàtà sílẹ̀, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gbọ́ yanrìn, wàrà-wàrà. Mo na ọrùn wo Ìyá Àgbà. Wọ́n ti ki etí ìborùn wọn bọnu, wọ́n deyín mọ́ ọn, èjìká wọn ń mì.

Mi ò rántí pé ọmọlúàbí ni Àǹtí Ràfá. Àwọn náà gbọ́ ìró yẹn. Wọ́n nà sókè lórí àga, wọ́n la ẹnu: "Ẹ kú—"

Mo fò mọ́ wọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi! Ojú wọn yọ bọ́ǹbọ́. Ìyá Bísí dìde, wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ọ́, ṣé orí ẹ ti yí ni?" Mo kàn ń mi orí, mi ò yọwọ́. Yanrìn ṣì ń dún. Ó dákẹ́. Ó tún dún, èyí tó pẹ́, tó fara balẹ̀, ti ìgbà tí wọ́n bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Súsì rìn jáde, ìrù rẹ̀ nà sókè, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ìyá Bísí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ wò ó, pẹ̀lú bàtà funfun wọn tí kì í dún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú àpótí, wọ́n dìde. Ìyá Àgbà jókòó níbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá Bísí dúró títí. Ó jọ pé wọ́n ń retí ìkíni tí wọ́n ti máa ń gbọ́ níbẹ̀, tí wọ́n rò pé àwọn ni Ìyá Àgbà ń kí, tí wọn kì í sì í dá lóhùn.

"Màmá, ẹ ò kí mi lónìí?"

"Há! Ìyàwó mi, ìwọ ni?" Ìyá Àgbà fa ìborùn kúrò lẹ́nu. "Mo rò pé ológbò ni."

Mo retí ìjà. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń ro gbogbo rẹ̀ fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń kí ológbò tí wọ́n sì ń bínú pé kò jẹ́. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Bísí, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dé, wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ wọn. Nígbà tó parí, mo gbọ́ tí wọ́n fi ohùn kékeré sọ pé, "Ẹ káàsán, mà." Ìyá Àgbà ní, "Káàsán, ìyàwó mi. O kú iṣẹ́ o. O kú làálàá ọsibítù." Ìyá Bísí ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n wá kígbe sí mi láti ibẹ̀ pé, "Kí lò ń dúró wò? Lọ tú ẹrù ẹ!"

Mo sin Àǹtí Ràfá dé ojú irin. Wọ́n ṣì ń fọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní àwọn á sọ fún ìyá mi pé mo gbá àwọn lẹ́nu ní Èkó. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá mi lórí pẹ́pẹ́.

"Kí wá ni kí n sọ fún bàbá ẹ?"

Mo ní, "Ẹ ní mo kí wọn, mà. Ẹ ní wọ́n ń kí èmi náà níbí."